Ẹ Yé Fi Fọ́tò Ńlá Bo Àwọn Òkú Wa Mọ́lẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí lè bí àwọn kan nínú. Ṣùgbọ́n inú ìwé ìrántí ẹgbẹ́ ló yẹ kí a ti sọ ọ́, nítorí inú rẹ̀ gan-an ni àléébù náà wà.

Ẹ ṣí àwọn ìwé ìrántí tí a ti ń tẹ̀ látẹ̀yìnwá. Ojú ewé tí a fi ń ṣe ìrántí òkú pọ̀ níbẹ̀: fọ́tò aláwọ̀ mèremère, agbádá, gèlè, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ, oyè, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ikú, pé ẹ wà lọ́kàn wa títí láé, lẹ́yìn náà orúkọ àwọn ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù àti Houston. Bí a bá fi ọwọ́ bo orúkọ, ta ni yóò mọ ti bàbá Lágbájá yàtọ̀ sí ti bàbá Tàmẹ̀dò? Ẹni tí kò sì lówó ojú ewé kan ńkọ́? A jẹ́ pé òkú tirẹ̀ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn.

Ẹ wo Kaduna Textile Limited, ilé iṣẹ́ aṣọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kakuri ní 1957. Àwọn ènìyàn wa wà lára àwọn tó fi ọjọ́ ayé wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tì í ní 2002, àwọn òṣìṣẹ́ lọ sílé lọ́wọ́ òfo; ọ̀pọ̀ wọn ló kú láìrí owó ẹ̀tọ́ wọn gbà tán, tí wọ́n fi opó sílẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Elisha Renne, ló wá jókòó ti àwọn opó náà, tó sì tẹ ìwé jáde lórí ikú àwọn ọkọ wọn ní 2020. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ojú tì wá. Ẹ̀yìnkùlé wa ni àwọn opó náà ń gbé.

Àwa tí wọ́n bí sí Kàdúná mọ ohun tí kò sí nínú fọ́tò kankan. A mọ bàbá tí wọ́n máa ń ti iṣẹ́ alẹ́ dé pẹ̀lú òwú lórí ìpéǹpéjú, tí àwa ọmọdé rò pé òru kan ṣoṣo ló sọ wọ́n di arúgbó. Ìta ni wọ́n ti máa ń gbọn fìlà wọn, nítorí ikọ́ tó ń ṣe ìyàwó wọn. A mọ ìyá tí wọ́n ń tò wá sójú kan nígbà ọyẹ́, tí wọ́n ń fi òrí pa wá létè kí a tó lọ sílé ìwé, tí èyí tó kù lọ́wọ́ wọn á lọ sí gìgísẹ̀ tiwọn. Háúsá ni wọ́n fi ń ka owó, Ìgbómìnà ni wọ́n fi ń gbàdúrà. A mọ bàbá tí wọ́n máa ń bá ẹni tó ń ka ìròyìn nínú rédíò jiyàn, tí wọ́n á sì sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Níbo la kọ èyí sí?

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣe é fi falẹ̀. Nígbà tí ìjà ṣẹlẹ̀ ní February àti May 2000, tó tún ṣẹlẹ̀ ní November 2002, ilé jó, àwo fọ́tò jó mọ́ ọn. Mùsùlùmí kó lọ sí àríwá odò, Kìrìstẹ́nì kó lọ sí gúúsù. Àwa Yorùbá tí a ní ààfáà àti pásítọ̀ nínú ilé kan náà, odò wá la àárín tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Yàtọ̀ sí èyí, Ọ̀ffà, Ìlá tàbí Ogbómọ̀ṣọ́ ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé òkú lọ sin. Kò sí sàréè, kò sí fọ́tò. Ohun tí ojú ẹnìkan rí ló kù, ẹni náà sì ń darúgbó.

Àwọn àgbà kan sọ fún wa pé àbùkù ni kí a kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, pé a kì í kọ ọ́ sínú ìwé pé olóògbé ń hanrun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, kí ni oríkì wá ń ṣe? Ó ń sọ pé ẹnìkan dúdú, ó ń sọ pé ẹnìkan kúrú, ó ń sọ ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ le àti ẹni tó fẹ́ràn ẹmu. Ẹni tí a ń kì á wú lórí, kò bínú. Oyè lásán kò mú orí ẹnikẹ́ni wú bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn ìgbìmọ̀ ní owó ojú ewé ni a fi ń tẹ ìwé. Òótọ́ ni, ìwé ò lè tẹ ara rẹ̀. Kí olówó máa ra ojú ewé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ó mú ìlà mẹ́wàá wá nípa ohun tí olóògbé ń ṣe lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ àríyá, kí oyè má sì sí nínú rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ sì ya ojú ewé mẹ́rin sọ́tọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò lówó. Ẹni tí kò lè kọ ọ́, kí ó wá sọ ọ́, a ó bá a kọ ọ́. Bí ó bá fi Háúsá sọ ọ́, a ó gbà á, òun náà ni àwọn mìíràn nínú wọn fi ń dá àpárá.