Èlé Gọbọi Kì í Ṣe Èrè Ẹni Tó Ra Ìpín

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ tó ń ra ìpín ilé-iṣẹ́: wọ́n ní kò sí òwò tó fini lọ́kàn balẹ̀ tó ti ilé-iṣẹ́ tó ń yá àwọn tí báńkì kọ̀ lówó. Tálákà ò lè tán láyé, ẹni tí ìyà ń jẹ kì í ná èlé, bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá bá sì sá lọ, èlé àwọn méje yòókù á dí i.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Yá ènìyàn mẹ́wàá ní 100 pọ́n-ùn níkọ̀ọ̀kan, kí o fi 40 lé e. Mẹ́ta sá lọ, méje san 140. Iye tó délé jẹ́ 980. Ẹgbẹ̀rún lo kó jáde. O kò tíì san owó òṣìṣẹ́, o kò tíì san èlé báńkì tí ìwọ náà ti yá owó, o ti jẹ gbèsè.

Ilé-iṣẹ́ Provident Financial ti ìlú Bradford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kí á wò dáadáa. Ọdún 1880 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà: aṣojú wọn á gbé owó kékeré wá bá ọ lẹ́nu ọ̀nà, á sì máa padà wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti gbà á díẹ̀díẹ̀. Èlé rẹ̀ ga débi tó ń bani lẹ́rù, àmọ́ èlé kọ́ ló gbé ilé-iṣẹ́ náà ró ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Aṣojú yẹn ni. Ó mọ ọjọ́ tí owó ń wọlé fún oníbàárà, ó mọ ilé tí baálé ti sá kúrò, ó mọ ẹni tó wà nínú yàrá tó ní kí ọmọ sọ pé òun ò sí nílé. Láti inú owó tó bá gbà ni tirẹ̀ ti ń yọ, nítorí náà kì í sáré yá ẹni tí kò ní í lè san.

Ní 2017, àwọn ọ̀gá gbà pé kọ̀ǹpútà gbọ́n jù ú lọ. Wọ́n fi nǹkan bí 2,500 òṣìṣẹ́ olówó-oṣù rọ́pò nǹkan bí 4,500 aṣojú, ẹ̀rọ ló sì ń pàṣẹ ilé tí wọn yóò kàn. Gbogbo rẹ̀ dàrú. Owó tí wọ́n ń rí gbà já láti ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún sí 57. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹjọ, ìdá 66 nínú ọgọ́rùn-ún iye ìpín náà pòórá lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n fagi lé èrè tí wọ́n fẹ́ pín, ọ̀gá àgbà sì fiṣẹ́ sílẹ̀. Tálákà ò tán ní Bradford lọ́jọ́ náà o. Èlé ò sì wálẹ̀.

Àwọn kan á ní àwọn kì í wo iye ìpín, èrè tó ń wọlé ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta làwọn ń wò. New Century ti California náà ń pín èrè gidi: ní 2006, ó ju dọ́là 7 lọ lórí ìpín kan. Owó báńkì ló fi ń yá àwọn tó ń ra ilé. Bó bá yá wọn tán, á ta gbèsè náà fún àwọn olówó Wall Street, pẹ̀lú àdéhùn pé bí onígbèsè bá kùnà láìpẹ́, òun á rà á padà. Nígbà tí iye ilé kò gòkè mọ́, gbèsè bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Ní oṣù Kejì 2007, wọ́n jẹ́wọ́ pé èrè tí wọ́n ti kéde fún oṣù mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ 2006 ti pọ̀ jù. Àwọn báńkì ní kí wọ́n kó owó àwọn wá. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹrin, ilé-iṣẹ́ náà wọ kóòtù láti sọ pé òun ti wọko gbèsè. Ẹni tó gba dọ́là 7 náà pàdánù, àfi bó bá ti tètè ta ìpín rẹ̀.

N kò sọ pé èrè kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ra Provident kí ọ̀ràn rẹ̀ pẹ̀lú FCA, àjọ tó ń ṣàmójútó àwọn ilé-iṣẹ́ owó nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó yanjú ní oṣù Kejì 2018 rẹ́rìn-ín gan-an. Àmọ́ tẹ́tẹ́ nìyẹn, kí ó má pè é ní ìfowópamọ́. Ní 2021, wọ́n ti iṣẹ́ ojúlé náà pa.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ra irú ìpín bẹ́ẹ̀, kí ó béèrè mélòó nínú mẹ́wàá ló ń padà wọlé, owó ta ni wọ́n ń yá, ọjọ́ wo ni olówó lè gbà á. Kí ó sì béèrè iye oníbàárà tó ń fẹjọ́ sùn. Amigo, ilé-iṣẹ́ ayánilówó mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ ọjà ìpín London ní 2018 ní 275 pẹ́ńsì. Àwọn tó yá lówó fẹ̀sùn kàn án pé kò wádìí bóyá àwọn lè san. Ẹ̀sùn ọ̀hún pọ̀ débi pé ní oṣù Kẹta 2023, ó dáwọ́ owó yíyá dúró pátápátá. Ohun tó kù nínú àpótí di owó gbà-má-bínú àwọn oníbàárà wọ̀nyẹn, kò sì sí kọ́bọ̀ fún àwọn tó ra ìpín.