Ògiri àtijọ́ kì í ṣe pàǹtí: ohun tí ìlú Ayutthaya lè kọ́ wa

Ìyá kan tó ń ta gàrí lọ́jà ló rí àwòrán kan lórí fóònù wa. Orí Búdà ni, òkúta ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, gbòǹgbò igi ńlá kan sì ti dì í mọ́ra débi pé ojú rẹ̀ nìkan ló yọ síta. Ìyá wò ó, wọ́n tún un wò, wọ́n wá bi wá pé: “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé òótọ́ ni pé àwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ òfurufú, tí wọ́n tún ń sanwó, nítorí kí wọ́n lè wo orí tó já àti ògiri tó wó?” A ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní: “Ògiri tó wó mélòó ni kò sí lọ́dọ̀ wa níbí? Ta ló sanwó wá wò ó?”

Ìbéèrè Ìyá yìí kò kúrò lọ́kàn wa. Òun ló mú wa kọ ọ̀rọ̀ tòní.

Ìlú tí orí yẹn wà ń jẹ́ Ayutthaya, ní orílẹ̀-èdè Tàílándì, ní ilẹ̀ Éṣíà. Kí Bangkok tó di olú ìlú wọn, Ayutthaya ni ìlú ọba. Ní nǹkan bí ọdún 1350 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, níbi tí odò mẹ́ta ti pàdé: Chao Phraya, Lopburi àti Pa Sak. Omi yí ìlú náà ká bí erékùṣù, èyí sì jẹ́ odi fún un lọ́wọ́ ọ̀tá. Odò yìí kan náà ni ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ń gbà wọlé láti òkun. Àwọn ará Ṣáínà wá, àwọn ará Jàpáàn wá, àwọn ará Páṣíà àti Íńdíà wá, àwọn òyìnbó náà sì dé. Ìlú náà jẹ́ ìlú ọba fún ohun tó lé ní 400 ọdún.

Àmọ́ ní oṣù Kẹrin ọdún 1767, ogun kó o. Àwọn ọmọ ogun Bámà ti dó ti ìlú náà fún ohun tó lé ní ọdún kan kí wọ́n tó ráyè wọlé. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n dáná sun ààfin, wọ́n sun tẹ́ńpìlì, wọ́n sun ìwé ìtàn, wọ́n sì kó èèyàn lọ. Ère Búdà kan wà nínú tẹ́ńpìlì ọba tí wọ́n ń pè ní Wat Phra Si Sanphet. Ère náà ga tó mítà 16, wúrà ni wọ́n sì fi bò ó. Ṣe ni wọ́n fi iná yọ́ wúrà ara rẹ̀ kó lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ́tí sí ohun tó tẹ̀ lé e. Ọba tuntun tó jẹ lẹ́yìn ogun kò padà sí Ayutthaya. Wọ́n tẹ olú ìlú mìíràn dó sí Thonburi, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí Bangkok ní òdìkejì odò. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mọ odi Bangkok, bíríkì àwókù Ayutthaya ni wọ́n lọ ń wú. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fúnra wọn ló ń wú u, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o lọ. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀tá nìkan ló wó Ayutthaya. Ọmọ onílé náà bá wọn wó o, torí lójú tiwọn nígbà náà, bíríkì lásán ni.

Báwo wá ni bíríkì lásán ṣe di ohun tí gbogbo ayé ń wá wò? Ẹ jẹ́ ká mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Orí tí Ìyá rí wà nínú tẹ́ńpìlì Wat Mahathat. Àwọn tó ń tọ́jú ibẹ̀ kò yọ orí náà kúrò nínú gbòǹgbò, wọn kò sì gé igi náà. Wọ́n fi olùṣọ́ síbẹ̀, wọ́n sì gbé òfin kalẹ̀: ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò níbẹ̀ gbọ́dọ̀ lóṣòó tàbí kó kúnlẹ̀, kí orí rẹ̀ má baà ga ju ti Búdà lọ. Olówó kúnlẹ̀, tálákà kúnlẹ̀, òyìnbó náà kúnlẹ̀. Ọ̀wọ̀ tí onílé fún nǹkan rẹ̀ ni àlejò fún un. Àwa Yorùbá ṣáà ní òwe tó bá a mu: bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní àíkàrágbá, wọ́n á bá a fi kólẹ̀.

Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ rìn díẹ̀, ẹ ó kan Wat Ratchaburana. Ìtàn rẹ̀ yóò yé ẹnikẹ́ni tó bá mọ ọ̀rọ̀ oyè jíjẹ. Nígbà tí ọba kan wàjà ní ọdún 1424, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó dàgbà jù, Ai àti Yi, gun erin, wọ́n bá ara wọn jà nítorí oyè. Àwọn méjèèjì ló kú. Àbúrò wọn, Chao Sam Phraya, ló wá jọba, ó sì kọ́ tẹ́ńpìlì yìí láti fi ṣèrántí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó kó wúrà tó pọ̀ pamọ́ sí yàrá kan nísàlẹ̀ ilé gogoro tó wà láàárín rẹ̀. Ogun 1767 kọjá, kò sẹ́ni tó rí i. Ọdún 1957 ni àwọn olè gbẹ́ ilẹ̀ débẹ̀ lóru, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ nǹkan lọ. Ọlọ́pàá rí díẹ̀ gbà padà, ìjọba sì yára wa èyí tó ṣẹ́ kù jáde. Nínú ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni àwọn ère pẹlẹbẹ kéékèèké tó pọ̀ lọ jàra wà. Wọ́n ta lára wọn fún àwọn aráàlú tó fẹ́ ṣètìlẹ́yìn, owó náà ni wọ́n sì fi kọ́ mùsíọ̀mù Chao Sam Phraya, tó ṣí ní ọdún 1961. Ibẹ̀ ni àwọn wúrà náà wà títí dòní, ní ìlú tí wọ́n ti hú wọn.

Èyí tó wú wa lórí jù ni ti Phra Mongkhon Bophit. Ère Búdà ńlá tí wọ́n fi idẹ ṣe ni. Nígbà ogun, òrùlé gbọ̀ngán tó wà nínú rẹ̀ jóná, ó wó lù ú, ère náà sì wà nínú òjò àti oòrùn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láàárín àwọn ọdún 1950 ni wọ́n tún gbọ̀ngán náà kọ́. Ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tó wà lára àwọn tó dáwó? Orílẹ̀-èdè Bámà ni, àwọn tí baba ńlá wọn dáná sun ìlú náà. Ìgbà tí onílé bá ń tún ilé rẹ̀ ṣe ni ẹni tó jó o ń rí ọ̀nà àtibẹ̀bẹ̀.

Ní ìwọ̀ oòrùn odò Chao Phraya ni Wat Chaiwatthanaram wà, tí ọba Prasat Thong kọ́ ní ọdún 1630. Omíyalé ọdún 2011 bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ó sì bà á jẹ́. Láti ìgbà náà, bí ojú odò bá ti ń ga sókè, wọ́n á na ògiri irin sókè láti dí omi lọ́nà. Ní ọdún 2018, eré orí tẹlifíṣọ̀n kan tó dá lé ayé àtijọ́ Ayutthaya gbajúmọ̀ ní Tàílándì. Làwọn èèyàn bá ń wọ aṣọ ìbílẹ̀ lọ síbẹ̀ láti ya fọ́tò. Àwọn tó ń fi aṣọ ìbílẹ̀ háyà nítòsí ibẹ̀ wá di ẹni tó ń rówó. Ẹ̀yin aránṣọ, ẹ gbọ́ o.

A mọ̀ pé oníṣòwò lẹ̀yin tó pọ̀ jù nínú òǹkàwé wa, ẹ ó sì fẹ́ mọ ẹni tó ń jẹ lára owó náà. Ìjọba ń gba owó ìwọlé, ẹni tó ti òkè òkun wá sì ń san ju ọmọ ilẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n owó kò dúró lẹ́nu géètì. Ẹlòmíràn ń fi kẹ̀kẹ́ háyà, torí ìlú náà tẹ́jú, kẹ̀kẹ́ ló sì rọrùn jù láti fi kiri. Ẹlòmíràn ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, bí àwọn ọlọ́kọ̀ wa ṣe ń wa zémíjàn. Ẹlòmíràn ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àlejò yí erékùṣù náà ká. Àwọn kan ń sun edé odò tó tóbi bí ọwọ́ àgbàlagbà. Oúnjẹ tí ìlú náà sì gbajúmọ̀ fún jù ni roti sai mai: ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n yan pẹlẹbẹ, tí wọ́n wá fi di ṣúgà tí wọ́n fà bí òwú. Àwọn Mùsùlùmí ìlú náà ló ń ṣe é jù. Ẹ wò ó: tẹ́ńpìlì ẹlẹ́sìn Búdà ni àlejò wá wò, Mùsùlùmí ló ń ta oúnjẹ fún un, kò sì sẹ́ni tí ẹ̀sìn rẹ̀ bàjẹ́.

A kò ní kí ẹ gbà pé ohun gbogbo ló dára níbẹ̀. Wọ́n ń fi erin gbé àlejò kiri nínú oòrùn, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń bínú sí i pé ìyà ni. Àwọn àlejò aláìmọ̀kan kan ń gun orí ògiri, àwọn mìíràn ń fi orí ara wọn sórí ọrùn ère tí kò lórí kí wọ́n lè ya fọ́tò. Kò yẹ ká kó ìyẹn wálé. Ohun tó dára ni ká mú.

Ayutthaya kò sì jìnnà sí wa tó bí ẹ ṣe rò. Ní ọdún 1511 ni àwọn Pọtogí kọ́kọ́ dé ibẹ̀, wọ́n sì fún wọn ní àdúgbò tiwọn lẹ́bàá odò. Títí dòní, àlejò lè lọ wo ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn àti egungun àwọn tí wọ́n sin síbẹ̀. Irú àwọn Pọtogí yìí kan náà ló wá sí etíkun wa, àwọn ló sì sọ Àjàṣẹ́ ní Porto-Novo, tó túmọ̀ sí èbúté tuntun. Ní àwọn ọdún 1680, ọba Narai ti Ayutthaya rán ikọ̀ sí ọba ilẹ̀ Fáránsé, wọ́n sì gbà wọ́n lálejò ní Versailles. Ìlú kan náà ni Fáránsé tó wá jọba lé wa lórí lẹ́yìn náà.

Àwa ará Kétu sì mọ ohun tó ń jẹ́ kí ogun kó ìlú. Ní ọdún 1886, àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kó Kétu, wọ́n sun ún, wọ́n sì kó àwọn èèyàn wa lọ sí Àgbómẹ̀. Lẹ́yìn tí agbára Dàhọ̀mì wó ni àwọn tó ṣẹ́ kù padà wá tún ìlú ṣe. Ẹnubodè Àkábà Ìdèná ṣì wà níbẹ̀, yàrà àti odi àtijọ́ náà ṣì wà. Ní Àjàṣẹ́, mọ́ṣáláṣí ńlá tí àwọn tó ti Bràsíìlì padà wá kọ́, tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣì dúró. Kò sí ohun tí Ayutthaya ní tí a kò ní irú rẹ̀, àfi ìtọ́jú.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Apá kan rẹ̀ ni. Ìjọba ló lè ṣòfin, òun ló lè fi olùṣọ́ síbẹ̀, a ò sì ní dákẹ́ láti máa bi wọ́n. Àmọ́ kì í ṣe ìjọba ló ń lọ fi ṣọ́bìrì bu erùpẹ̀ odi àtijọ́ láti fi mọlé. Ní ìlú kan tí a kò ní dárúkọ, a fi ojú ara wa rí i lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí a béèrè, ọ̀dọ́kùnrin tó ń bu erùpẹ̀ náà ní òun kò mọ̀ pé odi ni, pé kò sẹ́ni tó sọ fún òun. A kò bá a wí. Àwa tó yẹ ká sọ fún un la ṣẹ̀.

Àwọn mìíràn á ní ohun àtijọ́ ò kun ikùn. Ẹ bi àwọn tó ń ta roti sai mai.

Àwọn kan á sì ní òrìṣà ni gbogbo rẹ̀. Mímọ ìtàn ẹni kì í ṣe ìbọ̀rìṣà. Mùsùlùmí tó ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ́ńpìlì kò forí balẹ̀ fún ère, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wó o.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu erùpẹ̀ odi àtijọ́ mọ́. Ẹ̀yin baálé, ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí ẹnubodè, kí ẹ sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn kí ẹ tó lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ní fóònù, ẹ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, bí àlejò bá béèrè ibi tí odi wà, ẹ má ṣe ní kò sí nǹkan níbẹ̀, ẹ fi hàn án, kí ẹ sì ta ẹ̀kọ àti àkàrà fún un bó bá ń padà bọ̀.

Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n ẹwà yẹn kì í dá wá. Ẹni tó gbá eérú kúrò, tó sì tún ilé náà ṣe, òun ló mú un wá. Ìyá, ìdáhùn ìbéèrè yín nìyẹn: wọ́n ń sanwó wo ògiri tiwọn nítorí pé àwọn onílé ti kọ́kọ́ kà á sí. Ọjọ́ tí àwa náà bá ka tiwa sí, àlejò á wá, wọ́n á sì ra gàrí yín.