Àjẹsára tàbí Ìpẹ̀tùsára? Ọ̀rọ̀ lórí Orúkọ Abẹ́rẹ́ Làkúrègbé

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Kúje àti Festac Town ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin, bí i ti ibòmíràn nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sábà ń kó gbogbo ìrora oríkèé: làkúrègbé. Orúnkún tí ọjọ́ orí gbó, làkúrègbé ni. Ọmọ ìka ọwọ́ méjèèjì tó wú, tó sì ń le gbagidi láàárọ̀, làkúrègbé náà ni. Bẹ́ẹ̀, àrùn ọ̀tọ̀ ni èkejì. Àwọn ọmọ ogun ara ló ka oríkèé sí ọ̀tá, tí wọ́n ń bá a jà. Ní 2010, Adelowo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn 200 aláìsàn irú èyí ní Èkó. Orúkọ tó yẹ ẹ́ ni làkúrègbé abáraẹnijà.

Abẹ́rẹ́ rẹ̀ náà ń fẹ́ orúkọ. Ní 2015, Ranjeny Thomas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Queensland, Ọsirélíà, ròyìn èyí tí wọ́n fún aláìsàn 18. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọ́n sọ àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú rẹ̀ di onísùúrù, wọ́n fi ègé purotéènì tí ara ń kà sí ọ̀tá hàn wọ́n, wọ́n sì dá wọn padà sára, kí wọ́n lè kọ́ àwọn yòókù pé ará ilé ni. Ìdánwò ni, kò tíì di oògùn.

Àwọn òyìnbó fi orúkọ abẹ́rẹ́ rọpárọsẹ̀ àti ti èéyi pe èyí pẹ̀lú. Bí ògbufọ̀ bá wá kọ ‘àjẹsára’, ewu ń bẹ níbẹ̀. Ohun tí ń lé àrùn tí kò tíì dé ni àjẹsára létí ará ìlú. Aláìsàn tó bá gbọ́ pé àjẹsára làkúrègbé ti dé lè pa oògùn rẹ̀ tì, oríkèé tó bá sì ti bàjẹ́ kì í sábà padà bọ̀ sípò.

Àwọn kan lè wí pé ní 1885, ẹ̀yìn ìgbà tí ajá dìgbòlugi bu ọmọ kan jẹ ni Louis Pasteur fún un ní àjẹsára. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣe ni abẹ́rẹ́ Pasteur di ọmọ ogun ara ní àmùrè; ti Queensland ń ní kí wọ́n sọ ohun ìjà kalẹ̀. Ẹni tí ń rán ni lógun àti ẹni tí ń pẹ̀tù sí aáwọ̀ kò lè jẹ́ orúkọ kan náà.

Ìpẹ̀tùsára ló tọ́. Ìlànà tó so jẹ mọ́ ara nínú àjẹsára náà ló so pẹ̀tù mọ́ ara níhìn-ín. Títí ìdánwò yóò fi parí, kí ògbufọ̀ máa kọ ọ́ ní kíkún: abẹ́rẹ́ ìpẹ̀tùsára tó wà lórí ìdánwò.