Kí oníṣòwò tó ra ráútà tuntun, kó kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń pín àdírẹ́sì

Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ilé ìṣerunlóge àti bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà lónìí, Wi-Fi ti kúrò ní ohun fàájì. Òun ni wọ́n fi ń gba iṣẹ́ lórí WhatsApp, òun ni wọ́n fi ń tẹ ìwé jáde, òun náà ni wọ́n fi ń wò ó bóyá owó tí kọsítọ́mà ní òun ti fi ránṣẹ́ ti wọ àkáǹtì. Ọjọ́ tó bá daṣẹ́ sílẹ̀, ọjà ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Kọsítọ́mà á ní òun ti sanwó, ọlọ́jà á ní òun ò tíì rí i, ariwo á sì ta.

Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ ni pé, bí Wi-Fi bá ti ń ṣe ségesège báyìí, ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kọ́kọ́ máa ń bú. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tún dátà rà. Bí ìyẹn ò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á gbé ráútà jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á lọ ra òmíràn. Owó ńlá lèyí fún ẹni tó ń ṣòwò kékeré. Bẹ́ẹ̀, àìmọye ìgbà ni kì í sí ohun tó ṣe dátà, tí kì í sì í sí ohun tó ṣe ráútà fúnra rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Inú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ni ìṣòro náà wà: àdírẹ́sì ni kò kárí.

Kò sí fóònù, kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó lè lo Wi-Fi láìní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà yìí ni wọ́n ń pè ní àdírẹ́sì IP. Ó dà bí ilé oníyàrá púpọ̀ tí gbogbo yàrá rẹ̀ ní nọ́ńbà lára ilẹ̀kùn, ráútà sì ni alámòójútó ilé náà. Bí fóònù kan bá ti dé, ráútà á wo yàrá tó ṣófo, á fún un ní nọ́ńbà rẹ̀, á sì kọ ọ́ sínú ìwé. Iṣẹ́ pípín yìí ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní DHCP, láti ọdún 1993 sì ni ìlànà rẹ̀ ti wà. Ráútà kì í fi yàrá tọrẹ o, ó ń fi í háyà ni. Ó ní iye wákàtí tó fi ń yá fóònù kọ̀ọ̀kan, àfi bí àkókò náà bá pé kó tó lè fún ẹlòmíràn, kódà bí ẹni tó gbà á ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù tipẹ́.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ráútà tí wọ́n ń tà lọ́jà, ilé gbígbé ni wọ́n ṣe é fún, níbi tí bàbá, ìyá, àwọn ọmọ àti àlejò wọn kò ti pọ̀. Nínú nọ́ńbà bíi 254 tó wà nílẹ̀ fún irú ilé bẹ́ẹ̀, àwọn ráútà kan wà tó jẹ́ pé 50 tàbí 100 péré ni ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n yà sọ́tọ̀ fún pínpín, àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ wákàtí 24 ni wọ́n fi ń háyà rẹ̀. Ẹni tó bá gbé irú rẹ̀ sí ilé ìṣerunlóge, tó ń fún gbogbo oníbàárà ní páswọ́ọ̀dù, ó ti fi ilé oníyàrá 50 gba èrò ọjà. Bí fóònù 50 bá ti wọlé láti àárọ̀, ìkọkànléláàádọ́ta kò ní í rí àdírẹ́sì gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn mẹ́ta péré ló jókòó sí ṣọ́ọ̀bù lásìkò náà. Ó sì lè jẹ́ fóònù ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ni ìkọkànléláàádọ́ta yìí.

Ọ̀rọ̀ náà tún ti le sí i. Àmì kan wà lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí ráútà fi ń dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2019 tí Android 10 ti jáde, àti ọdún 2020 tí iOS 14 ti iPhone jáde, fóònù kì í sábà fi ojúlówó àmì yìí hàn mọ́. Ó ń dá òmíràn ṣe, kí ẹnikẹ́ni má baà fi tọpasẹ̀ ẹni tó ni ín. Ohun tó dáa ni. Àmọ́ nígbà míràn, fóònù kan ṣoṣo lè pààrọ̀ àmì yìí, kí ráútà sì fi í pe èèyàn méjì, kó fún un ní yàrá méjì.

Ìṣòro kejì ni ti ráútà méjì. Bí Wi-Fi kò bá dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, oníṣòwò á ra ráútà kejì, á fi wáyà so ó mọ́ ti àkọ́kọ́. Bí wọn kò bá pa iṣẹ́ pípín àdírẹ́sì lára ọ̀kan, àwọn méjèèjì lè jọ máa pín in. Ọba méjì kì í wà láàfin kan. Ńṣe ló máa dà bí àwọn ajẹ́ntì kan ṣe máa ń gba owó ilé lọ́wọ́ èèyàn méjì lórí yàrá kan ṣoṣo. Bí àwọn ayálégbé méjèèjì bá kó ẹrù dé, ìjà ni. Ẹ̀rọ méjì tó bá ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà á máa já ara wọn dànù ni, tí tọ̀tún bá wọlé, tòsì á jáde.

Ìkẹta ni ti iná. Gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tó sì dé, àtìbẹ̀rẹ̀ ni ráútà tún ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ráútà kan kì í rántí ẹni tí wọ́n fún ní nọ́ńbà mọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń jẹ́ 192.168.1.105 láàárọ̀ lè di 192.168.1.112 lọ́sàn-án. Kọ̀ǹpútà á máa wá a lọ síbi tó wà tẹ́lẹ̀, kò ní í bá a níbẹ̀. Oníbàárà tó fẹ́ tẹ ìwé jáde á gbé owó rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, wọ́n á sì ti ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ kò bàjẹ́, ó kàn kó kúrò ní yàrá tó wà ni.

Àtimọ ibi tí ẹ̀bi wà kò le. Bí wọ́n bá ṣí ibi tí ọ̀rọ̀ Wi-Fi wà lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà, wọ́n á rí àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ náà gbà. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, ó ti rí yàrá. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kò rí ẹni dá a lóhùn. Òun fúnra rẹ̀ ló yan nọ́ńbà tí kò lè gbé e jáde síta. Ọ̀pọ̀ fóònù kì í tiẹ̀ dé ibẹ̀, wọ́n á ní àwọn ń wá àdírẹ́sì IP, wọn ò sì ní í kúrò níbẹ̀. Àmọ́ bí gbogbo ẹ̀rọ inú ṣọ́ọ̀bù bá ní àdírẹ́sì tó dáa, tí wọ́n ti yọ wáyà ráútà kejì, tí ìkankan ò sì ṣí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìta ni ẹ̀bi wà. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí etíkun Ivory Coast, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, sùúrù nìkan ló kù.

Ti inú ilé ní àtúnṣe, kò sì ní í náni ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n pa ráútà kí wọ́n sì tún un tàn lè mú ìtura díẹ̀ wá, ṣùgbọ́n àìsàn náà á padà. Inú sẹ́tíǹsì ráútà ni oògùn rẹ̀ wà, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọlé síbẹ̀ sì sábà máa ń wà lára ráútà, bíi 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1. Níbi tí wọ́n kọ DHCP sí, kí oníṣòwò fẹ iye nọ́ńbà tó ń pín, bíi láti 192.168.1.20 dé 192.168.1.250, èyí tó jẹ́ nọ́ńbà 231. Kó dín àkókò háyà kù sí wákàtí kan tàbí méjì. Ẹni tó ṣì ń lò ó lọ́wọ́ kò ní í mọ̀ ọ́n lára, nítorí bí àkókò náà bá ti dé ìdajì ni fóònù ti máa ń tún un gbà fúnra rẹ̀. Kó ya nọ́ńbà kan sọ́tọ̀ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí nọ́ńbà rẹ̀ má yí padà mọ́. Kó pa DHCP ráútà kejì, kó sì fún ráútà náà ní nọ́ńbà tó yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Bí ráútà bá ní Wi-Fi tó wà fún àlejò, ibẹ̀ ni kó kó kọsítọ́mà sí.

Èyí kò sọ pé ráútà kékeré á wá gba igba èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà o. Ráútà kékeré alágbèéká ní iye fóònù tó lè gbé, ó sábà máa ń wà nínú ìwé tó bá a wá, ẹni tí èrò rẹ̀ bá sì ti ju ìyẹn lọ gbọ́dọ̀ ra èyí tó tóbi jù ú.

Àwọn kan á ní iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà lèyí, pé aránṣọ kì í ṣe ẹnjiníà. Òótọ́ ni, àmọ́ aránṣọ tí kò lè pààrọ̀ abẹ́rẹ́ máṣíìnì rẹ̀ kò tíì ṣe tán láti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó burú jù ni pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò ní kọ́kọ́rọ́ ilé ara wọn lọ́wọ́. Ẹni tó wá gbé ráútà sí i fún wọn nìkan ló mọ páswọ́ọ̀dù sẹ́tíǹsì, ó sì ti gbé e lọ. Níbòmíràn, wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà látilé iṣẹ́, débi pé kọsítọ́mà tó bá lajú díẹ̀ lè wọ inú rẹ̀. Kò yẹ kí oníṣòwò kankan san owó iṣẹ́ tán láìjẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù náà lójú rẹ̀, tí wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún un.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó na owó lórí dátà tàbí ráútà tuntun, kó kọ́kọ́ wo nọ́ńbà tó wà lórí fóònù rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iye yàrá tó wà nílé rẹ̀ ló ń mọ iye àlejò tó lè gbà.