Ẹ Má Tètè Sọ Pé Háàdì Dísìkì Àtijọ́ Ti Kú

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn atúnkọ̀ǹpútàṣe wa máa ń yára sọ jù: “Háàdì dísìkì yín ti kú, ẹ ra tuntun.” Bí oníbàárà bá ti gbọ́ èyí, á gbà fún Ọlọ́run, àwòrán ìgbéyàwó, ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ àti àdéhùn ilẹ̀ ẹbí á sì bá pàǹtí lọ. Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn dísìkì wọ̀nyí kò kú rárá. Ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n fi dán wọn wò ni kò bá wọn mu.

Ẹ jẹ́ kí á wò ó láti orí okùn. Kí ìlànà SATA tó jáde ní ọdún 2003, IDE ni ọ̀pọ̀ jù lọ kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń lò. Okùn IDE fẹ̀, ó sì pẹlẹbẹ bíi rìbọ́nì. Ẹnu rẹ̀ gba pínnì 40. Ti SATA tín-ín-rín, pínnì 7 péré ló ní. Okùn iná wọn pàápàá yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà òde òní kò tilẹ̀ ní ojú ibi tí a lè ki IDE bọ̀ mọ́. Ẹni tí kò bá ní okùn tó yẹ lọ́wọ́, kí ló máa rí bí kò ṣe òkú?

Jọ́ńpà ló ń da ọ̀rọ̀ rú jù. Dísìkì IDE méjì lè jọ wà lórí okùn kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ “master”, kí èkejì jẹ́ “slave”, ìyẹn ọ̀gá àti ẹrú. Ike kékeré, tí kò tó èékánná ọmọdé, ni a fi ń yan ipò yìí. Bí méjèèjì bá wà ní ipò ọ̀gá, kọ̀ǹpútà lè máà rí ọ̀kankan nínú wọn. Àgbò méjì kì í sáà mu omi nínú koto kan. Bẹ́ẹ̀ bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ọ̀pọ̀ dísìkì ti ya àwòrán bí a ó ṣe fi í sí. Mélòó nínú wa ló ń kà á?

Ti ìwọ̀n náà wà níbẹ̀. Ìlànà IDE àtijọ́ kò lè ka àyè tó kọjá 137 GB. Ẹni tó bá fi dísìkì 250 GB sínú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lè rí 137 péré, á sì máa ṣẹ́ èpè fún ẹni tó tà á fún un. Windows XP tó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2001 ní àléébù yìí. Àtúnṣe Service Pack 1 ti ọdún 2002 ló yanjú rẹ̀.

N kò sọ pé dísìkì kì í kú o. Èyí tó bá ń dún kó, kó, kó bí a ti tan án, kí a yára pa á, kí a má sì tún un tàn léraléra. Ṣùgbọ́n èyí tó ń yí jẹ́ẹ́, tí kọ̀ǹpútà kàn kò rí, yẹ kó rí àǹfààní gbà. Okùn kan wà tó ń so IDE mọ́ USB. Kí ó ní iná tirẹ̀ lọ́tọ̀, torí dísìkì kọ̀ǹpútà orí tábìlì ń fẹ́ fóltì 12, fóltì 5 sì ni ojú USB ń fúnni.

Bí ẹ bá tún gbé tiyín lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ bèèrè irú okùn tí wọ́n fi dán an wò àti ipò tí jọ́ńpà rẹ̀ wà. Bí ó bá ṣí, ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sí ibi méjì kí ẹ tó pa á.