Orúkọ Ló Ń Pe Oníbàárà, Ọbẹ̀ Ló Ń Dá A Dúró

  Kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ yín pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ìyá ẹlẹ́kọ tó bá jókòó ti igbá rẹ̀ láìlanu, ẹ̀kọ náà á sùn sí i lọ́wọ́. Ànkárá méjì lè ti ilé iṣẹ́ kan náà jáde, kí ọ̀kan ní orúkọ lẹ́nu àwọn aláṣọ, kí èkejì má ní. Èyí tó lórúkọ yẹn ni àwọn tó fẹ́ ra aṣọ ẹbí máa béèrè. Bó ṣe rí lórí tẹlifíṣàn náà nìyẹn. Eré awàdà tó gbayì àti èyí tó kú ní rèwerèwe, orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ wò ó báyìí. Ìyá aláta dé láti ọjà lálẹ́, ó ti rẹ̀ ẹ́, iná sì wà. Ọmọ rẹ̀ ń yí tẹlifíṣàn kiri. "Màámi, èwo lẹ fẹ́ wò?" Ìyá ò mọ ẹni tó kọ eré, kò mọ ẹni tó náwó sí i. Orúkọ tó jáde lójú ẹ̀rọ nìkan ló rí. Bó bá dùn ún létí, á ní kí ọmọ dúró ná. Bí kò bá dùn ún létí, "Yí i kúrò níbẹ̀ jàre!" Ó parí. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe ti gba ibẹ̀ lọ. Ṣé ọ̀rọ̀ kékeré wá nìyẹn?

ORÚKỌ TÓ SỌ IṢẸ́ RẸ̀

Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá, 1959 ni tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Lórí rẹ̀ ni olóògbé Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ ti di ìlú mọ̀ọ́ká. Olórin ni ọ̀gá yìí tẹ́lẹ̀, kódà King Sunny Adé ti ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ rí. Nígbà tó wá kọjú sí eré, kò wá orúkọ lọ sọ́nà jíjìn. Aláwàdà ló pe ẹgbẹ́ rẹ̀. Lásìkò náà, eré ìtàn ọba, eré ogun, eré inú Bíbélì àti eré ẹ̀kọ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá òṣèré. Ẹ̀rín wà nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kọ́ ni olórí ọjà. Moses Ọláìyá gbé ẹ̀rín síwájú ìsọ̀, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sára pátákó. Ẹni tó bá fẹ́ sunkún kó gba ibòmíràn lọ.

Orúkọ tó ń jẹ́ nínú eré tún wá bo orúkọ ẹgbẹ́ mọ́lẹ̀. Bàbá Sàlá! Kò sí oyè níbẹ̀, kò sí gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń pe bàbá ọlọ́mọ ládùúgbò gan-an nìyẹn: Bàbá Rìsí, Bàbá Sùnmọ́nù, Bàbá Sàlá. Ọmọdé lè pè é, arúgbó lè pè é. Ẹni tó bá wá gbọ́ orúkọ jẹ́jẹ́ yìí, tó sì rí ọkùnrin tó so táì tó tóbi bí abẹ̀bẹ̀ mọ́rùn, tó de aago ìdájí mọ́ ọwọ́ bíi rísíwọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rín ti pa á kí onítọ̀hún tó lanu.

Ní 1982, ó gbé sinimá Ọ̀run Móoru jáde. Ẹ gbọ́ orúkọ náà dáadáa. Ta ló lọ sọ́run tó bọ̀ wá sọ pé ó móoru? Ẹni tó bá gbọ́ ọ á fẹ́ lọ wádìí. Orúkọ náà ta eré, ó tà á débi pé àwọn olè náà gbọ́. Wọ́n dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n ń tà á kiri, gbèsè sì wọ ọ̀gá lọ́rùn. Ẹ rí i pé orúkọ tó dùn a máa pe oníbàárà, a sì máa pe olè. Ọ̀gá náà papòdà ní Iléṣà ní 2018, lẹ́ni ọdún 82. Wọ́n jí sinimá rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí olè kan tó rí orúkọ Bàbá Sàlá jẹ́.

ORÚKỌ OYÈ, ORÚKỌ ÈNÌYÀN

Ọ̀nà mìíràn wà tí àwọn kan gbà. Olóògbé Ṣẹ́gun Olúṣọlá ló dá eré The Village Headmaster sílẹ̀, ìyẹn Ọ̀gá Ilé Ìwé Abúlé. Orí rédíò ló ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó wá dé orí tẹlifíṣàn ní 1968, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1988. Ogún ọdún gbáko! Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, Ted Mukoro ṣe ọ̀gá ilé ìwé, Femi Robinson ṣe é, Justus Esiri náà ṣe é. Ọ̀gá ń lọ, ọ̀gá ń bọ̀, eré kò dúró. Kí ló fà á? Orúkọ oyè ni wọ́n sọ eré náà, wọn kò sọ ọ́ ní orúkọ ènìyàn. Ọba kan lọ, ọba mìíràn jẹ, ààfin wà níbẹ̀.

Bàbá Sàlá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè jẹ́ ẹ, ọjọ́ tó bá sì ṣíwọ́ ni eré ṣíwọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn télọ̀ àti kápẹ́ńtà gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tó bá kọ orúkọ ara rẹ̀ sára ṣọ́ọ̀bù, òun fúnra rẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń bá wá. Bó bá fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọmọṣẹ́, wọ́n á ní "Ọ̀gá dà?" Ẹni tó bá kọ orúkọ iṣẹ́ síbẹ̀, ọmọṣẹ́ lè jogún oníbàárà. Ọ̀kan kò burú ju èkejì lọ, kí onítọ̀hún sáà mọ èyí tó ń mú.

Nínú eré kan náà ni Amébo ti jáde, ìyẹn obìnrin tí Ibidun Allison ṣe, tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Orúkọ Amébo kò sí lára pátákó, síbẹ̀ òun ló wọ ọjà lọ. Títí di òní olónìí, wọ́n ń pe olófòófó ní amébo, tí ọ̀pọ̀ tó ń pè é kò sì wo eré náà rí.

ORÚKỌ MẸ́TA, EÉGÚN KAN

Ẹ jẹ́ ká dé Enugu. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó parí ní 1970, James Iroha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré awàdà lórí rédíò kí ara lè tu àwọn ènìyàn. In the Lighter Mood ni wọ́n pè é. Òyìnbó dídára ni, ṣùgbọ́n òyìnbó asọ̀ròmágbèsì ni. Ìyá tó ń ta ẹja, báwo ló ṣe máa sọ ọ́ fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀? Nígbà tí eré dé orí tẹlifíṣàn, ó di The Masquerade. Eégún dé! Ìlú wo ni wọn ò ti mọ eégún? Bó bá ti jáde, èrò á pé. Nígbà tó yá, ó di New Masquerade, gbogbo Nàìjíríà sì ń wò ó lórí NTA ní àwọn ọdún 1980 sókè.

Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà tó wo eré náà, èwo nínú orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu? Kò sí ọ̀kan. Zebrudaya ló máa pè! Chika Okpala ló ṣe é, pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì wọ́gọwọ̀gọ rẹ̀. Ó tún lè pe Gíríngórì, tí Iroha fúnra rẹ̀ ṣe. Ó lè pe Jẹ́gẹ́dẹ́ Ṣókòyà tí Claude Eke ṣe, tàbí Àpèná ìyàwó rẹ̀, tí Christy Essien-Igbokwe olórin ṣe. Bí eégún ẹni bá jóore, orí a máa yá atọ́kùn rẹ̀. Orúkọ kó èrò jọ sójú agbo, ijó ló mú kí wọ́n dúró.

SÙLÍÁTÙ TÓ DI JENIFA

Ní 2008, Fúnkẹ́ Akíndélé gbé fíìmù Jenifa jáde. Ọmọ abúlé tó ń jẹ́ Sùlíátù wọ yunifásítì, orúkọ rẹ̀ sì ń tì í lójú, ló bá sọ ara rẹ̀ di Jenifa kó lè bẹ́gbẹ́ pé. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́: wọn kò kọ ọ́ bí òyìnbó ṣe ń kọ ọ́, bó ṣe ń jáde lẹ́nu ọmọ náà ni wọ́n kọ ọ́. Ẹni tó bá rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ti mọ gbogbo ọ̀rọ̀: ọmọ yìí fẹ́ jẹ́ ohun tí kò jẹ́, ẹnu rẹ̀ á sì tú u fó. Awàdà ti wà nínú orúkọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Orúkọ yẹn kò kú mọ́. The Return of Jenifa jáde ní 2011, Jenifa's Diary wá di eré tẹlifíṣàn, Everybody Loves Jenifa sì dé ilé sinimá ní oṣù kejìlá 2024. Orúkọ kan, ọdún 16, owó ṣì ń wọlé.

ÌGBÀ TÍ ORÚKỌ BÁ LÉ ÈRÒ

Ní Amẹ́ríkà, obìnrin òṣèré kan wà tó ń jẹ́ Courteney Cox. Ó wà nínú eré awàdà Friends, ìyẹn Àwọn Ọ̀rẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994 tó sì parí ní 2004. Àwọn tó dá a sílẹ̀ ti kọ́kọ́ pè é ní Insomnia Cafe, ilé kọfí àwọn tí kò rí oorun sùn. Wọ́n yí i padà kó tó jáde. Ta ni kò ní ọ̀rẹ́? Ọ̀rọ̀ kan péré, gbogbo ayé gbọ́ ọ.

Ní 2009, obìnrin kan náà gbé eré mìíràn dé: Cougar Town. Cougar jẹ́ ẹranko ọdẹ bí ẹkùn ní ilẹ̀ wọn, ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ọmọ ìgboro, òun ni ìyá àgbà tó ń lé ọ̀dọ́kùnrin kiri. Àwọn tí kò fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹra. Eré náà sì rèé, kò pẹ́ tó fi kúrò lórí ọ̀rọ̀ yẹn, tó di eré ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò tó ń ṣe fàájì. Àwọn tí ì bá fẹ́ràn rẹ̀ kò wọlé, àwọn tó wá ẹ̀gbin wọlé kò bá a. Bill Lawrence, ọ̀kan nínú àwọn tó dá a sílẹ̀, sọ ọ́ ní gbangba pé òun rò ó láti yí orúkọ náà padà. Wọn kò yí i. Ńṣe ni wọ́n ń fi orúkọ ọ̀hún ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀rẹ̀ eré. Ó lo ọdún mẹ́fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó di dandan kó kó ẹrù kúrò ní tẹlifíṣàn kan lọ sí òmíràn.

Ọ̀kan tún rèé tó kan Yorùbá. Ní 2019, tẹlifíṣàn CBS gbé Bob Hearts Abishola jáde: òyìnbó Detroit tó ń ta ìbọ̀sẹ̀, tó fẹ́ràn nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá tó tọ́jú rẹ̀. Folake Olowofoyeku ni Abishola. Orúkọ Yorùbá pọ́ńbélé lójú tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà! Ẹnu wọn lè má rọ̀ mọ́ ọn lákọ̀ọ́kọ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà sọ òótọ́ inú eré: òyìnbó kan, ọmọ Yorùbá kan, ìfẹ́ láàárín. Apá márùn-ún ni wọ́n ṣe kó tó parí ní 2024.

ILÉ LÀ Ń WÒ

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe awàdà sórí fóònù lónìí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ tó bá dára á rọrùn lẹ́nu ẹni tí kò kàwé, á pe àwọn tí ọjà náà wà fún, á sì jẹ́ òótọ́. Òótọ́ yẹn ló le jù. Àwọn kan ń kọ orúkọ tó ń dẹ́rù bani, tó ń fi ìhòòhò fa ojú, ẹni tó bá sì ṣí i kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Kóńgò tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú ni. Ìyá oníràìsì tó ń lò ó lè ta ìwọ̀n mẹ́wàá lónìí, ṣùgbọ́n lọ́la oníbàárà á gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí i.

Owó dátà tí télọ̀ fi wo eré, owó iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi orúkọ pè é, kó rántí se ọbẹ̀ dè é.

Ẹni tí orúkọ eré awàdà kan kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ láti kékeré, ojú ìwé lẹ́tà ṣí sílẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.