Ẹni Tó Ni Aṣọ Ló Ni Àkísà



Ní àṣà àwọn baba wa, aṣọ kì í kú bọ̀rọ̀. Òfì tí ìyá fi ṣègbéyàwó, ọmọ rẹ̀ ni yóò jogún rẹ̀. Bó bá gbó, a di ọ̀já ìpọnmọ. Ẹ wo ẹ̀kú egúngún: bí ọdún bá dé, àwọn ọmọ ilé a máa rán aṣọ tuntun mọ́ ti àtijọ́, ẹ̀kú a sì máa wúwo sí i láti ìran dé ìran. Ẹni tó ni aṣọ ló ni àkísà.

Lónìí ńkọ́? Òwú Borgou àti Alibori ń wọkọ̀ lọ sí òkè òkun. Aṣọ àlòkù sì ń padà tọ̀ wá wá ní ìdì-ìdì, láti èbúté Cotonou dé ọjà Arzèkè. A kò bá òkìrìkà jà: ó ń bo àṣírí tálákà, ó sì ń bọ́ àwọn ìyá ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n ìyá ọlọ́jà ti sanwó ìdì kí ó tó tú u. Èyí tó ti ya nínú rẹ̀, ta ni yóò kó o? Inú gọ́tà tàbí inú iná ni ó ń parí sí; ọ̀pọ̀ ló sì jẹ́ polyester, irú ike kan, tí kì í jẹrà bí òwú.

Láti ọdún 2007 ni òfin ilẹ̀ Faransé ti sọ pé ẹni tó bá gbé aṣọ tuntun wá sọ́jà ni yóò san owó kíkó rẹ̀ àti títún un lò nígbà tó bá gbó. Ní ọdún 2025, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù pàṣẹ pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ ṣe bákan náà. Ó dára. Àmọ́ nígbà tí aṣọ bá sọdá òkun, owó ìtọ́jú rẹ̀ kì í sábà bá a wá.

Èrò tèmi ni pé kí owó náà máa tẹ̀lé aṣọ. Kí ìjọba wa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ìdì ránṣẹ́, kí irú òfin bẹ́ẹ̀ sì de àwọn iléeṣẹ́ tó ń rán aṣọ ní Glo-Djigbé nílé wa níbí. Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yín ń wọ ìjọba létí, ẹ bá wa gbé e dé iwájú wọn.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Kí a má ṣe gbé igbá náà lé ìyá ọlọ́jà Arzèkè lórí.